Ẹ Kọ Orúkọ Àwọn Kamlari Sínú Ìtàn Maghi: Lẹ́tà Ṣíṣí sí Àjọ Tharu ní Nepal

Sí Alága àti gbogbo ọmọ ìgbìmọ̀ Àjọ Tharu, ní Kathmandu, orílẹ̀-èdè Nepal.

Ẹ̀yin àgbà,

Mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Olùkọ́ èdè àti àṣà Yorùbá ni mí ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ìbàdàn; ọdún kẹrìnlélógún mi lẹ́nu iṣẹ́ náà rèé. N kò tíì fẹsẹ̀ tẹ Terai rí, ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tí ẹ̀yin Tharu ń gbé ní gúúsù Nepal, n kò sì gbọ́ èdè yín. Inú ìwé ni mo ti mọ̀ yín, àti lẹ́nu àwọn ọmọ yín tó ti bá aráyé sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí àlejò rọra sọ̀rọ̀ nílé onílé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ ni mo bá wá, lórí Maghi, ọdún tuntun yín, àti lórí àwọn kamlari, àwọn ọmọbìnrin kékeré tí wọ́n máa ń fà sílẹ̀ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n rò ó látìbẹ̀rẹ̀.

Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ni mo gbà dé ọ̀dọ̀ yín. Àrùn fòníkú-fọ̀la-dìde ló pa àbúrò mi obìnrin, ọmọ ọdún 19 ni. AS ni bàbá wa, AS ni ìyá wa, kò sì sẹ́ni tó yẹ ẹ̀jẹ̀ wọn wò kí wọ́n tó fẹ́ ara wọn. Lẹ́yìn ìsìnkú ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé kiri, torí mo fẹ́ mọ ìdí tí irú ẹ̀jẹ̀ yẹn fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ láàárín wa. Ibà ló fà á. Ọmọ tó bá jẹ́ AS, ibà kì í tètè rí i pa bíi ti ọmọ mìíràn, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ náà ṣe ń ti ara òbí bọ́ sára ọmọ láti ayébáyé. Nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ pàdé orúkọ Tharu. Lọ́dún 1988, àwọn onímọ̀ kan gbé ìwádìí jáde nípa ibà ní Terai: bí ibà bá mú Tharu kan, àwọn aládùúgbò rẹ̀ tí kì í ṣe Tharu tí yóò mú á tó méje. Nígbà tó di 1991, wọ́n tọ́ka sí ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ yín, èyí tí wọ́n ń pè ní alpha-thalassaemia. Mo ka ojú ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn pàdé ìbátan lọ́nà jíjìn.

Ẹ̀jẹ̀ yẹn ni odi ìlú yín. Fún ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún, ará òkè tó bá sọ̀ kalẹ̀ wá sínú igbó Terai ní àsìkò òjò, ikú ló wá pàdé, ẹ̀yin sì ń ro ilẹ̀ yín, ẹ ń pẹja, ẹ ń gbin ìrẹsì. Nígbà tó di àwọn ọdún 1950, wọ́n kó DDT, oògùn tó ń pa ẹ̀fọn, wá sí àfonífojì Rapti ní Chitwan, wọ́n fín in káàkiri Terai, ẹ̀fọn kú, ibà rọlẹ̀. Èmi tí mo ti sin ènìyàn nítorí ohun tí ibà dá sílẹ̀ kò lè bú ẹni tó pa ẹ̀fọn. Ṣùgbọ́n odi wó. Àwọn ará òkè ya wọlé, ìjọba sì ń pín ilẹ̀ fún wọn. Tharu mọ ààlà oko rẹ̀ nípa igi àti odò. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé mọ̀ ọ́n nípa ìwé. Ìwé ló borí. Ní Dang, ọ̀pọ̀ ìdílé dì ẹrù wọn, wọ́n forí lé ìwọ̀-oòrùn, sí Bardiya àti Kailali, wọ́n ń wá ilẹ̀ tí wọn yóò ro. Ẹni tí kò rí ilẹ̀ di alágbàṣe lórí ilẹ̀ ẹlòmíràn, nígbà mìíràn lórí ilẹ̀ tó ti jẹ́ ti bàbá rẹ̀.

Ẹ̀yin mọ gbogbo èyí jù mí lọ. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tiwa tí yóò ka lẹ́tà yìí, tí wọn kò gbọ́ orúkọ yín rí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tí mo fẹ́ràn nínú Maghi. Lédè wa, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo là ń lò fún àjọ̀dún àti fún oṣù méjìlá: ọdún. Kò sí ọdún kankan nílẹ̀ wa tí ọ̀rọ̀ náà bá mu bó ṣe bá Maghi mu. Láàárín oṣù kìíní ni, nígbà tí oṣù Magh bá wọlé: ọdún parí, ọdún bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì ń ṣe ọdún. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, wọ́n á pa ẹlẹ́dẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́, nínú òtútù, tọmọdé tàgbà á lọ wẹ̀ lódò. Bí wọ́n bá ti dé, ọmọdé á forí balẹ̀ fún àgbà, àgbà á súre. Lẹ́yìn náà ni oúnjẹ: ẹran ẹlẹ́dẹ̀, ìrẹsì anadi tó máa ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, ọtí ìrẹsì tí ẹ ń pè ní jaand, àti dhikri, èyí tí wọ́n ń fi ìyẹ̀fun ìrẹsì mọ, tí wọ́n á fi ooru omi sè é bí a ti ń se mọ́ínmọ́ín. Lẹ́yìn náà ni ijó.

Ohun kan wà níbẹ̀ tó wọ̀ mí lọ́kàn ju ijó lọ. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìwẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan á bu ìrẹsì, iyọ̀ àti ẹ̀wà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Nisrau ni ẹ ń pè é. Ti àwọn ọmọbìnrin ilé tó ti lọ ilé ọkọ ni. Kí ẹnikẹ́ni tó fi nǹkan kan ẹnu, wọ́n á kọ́kọ́ rántí ọmọbìnrin tí kò sí nílé.

Bí oúnjẹ bá ti rọlẹ̀, ìpàdé kàn: khojni-bojhni. Gbogbo agbo ilé ní abúlé á jókòó, wọ́n á yẹ ọdún tó kọjá wò, wọ́n á yan barghar tí yóò ṣe olórí fún ọdún tuntun. Kì í ṣe oyè ìdílé, kì í ṣe oyè àjẹkú; bí kò bá ṣe dáadáa, Maghi mìíràn ń bọ̀. Barghar ló ń pe ènìyàn jáde láti gbẹ́ ipa omi, láti tún ọ̀nà ṣe, òun ló ń parí ìjà. Ó ní oníṣẹ́ tó ń kéde fún un, guruwa sì wà tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òrìṣà àti ìwòsàn. Ní Rajapur, láàárín àwọn ẹ̀ka odò Karnali, àwọn àgbẹ̀ Tharu fi ọwọ́ ara wọn gbẹ́ ipa omi tó ń bomi rin oko tó lé ní 10,000 hẹ́kítà, wọ́n sì ń kó ẹrẹ̀ inú rẹ̀ lọ́dọọdún kí omi lè rí ọ̀nà gbà. Kò sí ẹnjiníà tó kọ́kọ́ yà á sórí ìwé fún wọn. Mo sọ èyí fún àwọn ọmọ kíláàsì mi nígbà tí mò ń kọ́ wọn ní àáró àti ọ̀wẹ̀. Ọmọkùnrin kan bi mí pé, “Màmá, ṣé Yorùbá ni wọ́n ni?”

Ibí yìí ni ẹ̀bẹ̀ mi ti bẹ̀rẹ̀.

Nínú ìpàdé ọjọ́ Maghi yẹn náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ètò ipa omi àti yíyan barghar, ni àdéhùn kamaiya ti máa ń di títúnṣe tẹ́lẹ̀. Kamaiya ni ọkùnrin tó ń sin onílẹ̀ nítorí gbèsè; saunki ni wọ́n ń pe gbèsè náà. Yóò tún fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún onílẹ̀ fún ọdún kan sí i. Ìyàwó rẹ̀ á bá a lọ. Bí ó bá kú, gbèsè kì í kú. Ó di ti ọmọ. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa ń pinnu ọmọbìnrin tí yóò lọ ṣe kamlari: ọmọ ọdún mẹ́fà, ọmọ ọdún méje, ọmọ ọdún mẹ́jọ, wọ́n á mú un lọ sílé olówó tàbí lọ sí ìlú ńlá, láti máa fọ abọ́, láti máa pọn ọmọ ẹlòmíràn. Owó tó kéré gan-an ni wọ́n á san fún bàbá rẹ̀ fún odidi ọdún. Ní òwúrọ̀ wọ́n bu nisrau sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tó lọ ilé ọkọ. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ọmọbìnrin mìíràn ti dì ẹrù.

Àwa náà ní ìwọ̀fà. Ẹni tó yá owó lọ́wọ́ olówó á fi ara rẹ̀, tàbí ọmọ rẹ̀, ṣe iṣẹ́ fún olówó títí owó yóò fi pé. Iṣẹ́ tó ń ṣe, èlé lásán ni, kò yọ kọ́bọ̀ kúrò nínú gbèsè. Nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀kọ́ tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ fún ọ̀pọ̀ ọdún, orí kan wà tó ń jẹ́ àṣà ìranra-ẹni-lọ́wọ́. Àáró, ọ̀wẹ̀, èésú, àjọ. Ìwọ̀fà tẹ̀lé wọn lórí ìlà kan náà. Mo kọ ọ́ sójú pátákó bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ dà á kọ bẹ́ẹ̀, mo sì máàkì rẹ̀ ní dáadáa. Ọ̀rọ̀ yín ló là mí lójú. Ìgbà tí mo ka nípa kamlari ni mo padà sí ìwé tèmi, tí mo bi ara mi léèrè pé ta là ń ràn lọ́wọ́ gan-an nínú ìwọ̀fà.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan nínú yín lè sọ pé kì í ṣe Tharu ló dá gbèsè náà sílẹ̀. Òtítọ́ ni. Òfin ọdún 1854 ní Nepal ti ka Tharu mọ́ àwọn tí wọ́n lè sọ di ẹrú, ọgọ́rùn-ún ọdún kó tó di pé DDT dé. Ẹni tó gba ilẹ̀ ló ni ìtìjú, kì í ṣe bàbá tí ebi mú kó fa ọmọ rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọmọ náà kúrò nínú ìtàn ká lè pọ́n bàbá lé, ẹ̀ẹ̀kejì nìyẹn tí a lé e jáde nílé.

Bẹ́ẹ̀, ìtàn bí ó ṣe parí yẹ ká máa fi ìlù sọ ni. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2000, kamaiya 19 ní Kailali kọ ìwé ẹ̀sùn sí ìjọba pé àwọn kò sìn mọ́. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 17 oṣù keje, ìjọba Nepal kéde pé kò sí kamaiya mọ́. Àsìkò òjò ni. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ lé wọn jáde lọ́jọ́ kejì, wọ́n sì gbé abẹ́ ọ̀rá nínú òjò pẹ̀lú òmìnira lọ́wọ́. Ìdílé tí ìjọba forúkọ wọn sílẹ̀ lé ní 27,000. Kamlari kò bá wọn parí. Ilé-ẹjọ́ gíga jù lọ dá ẹjọ́ lọ́dún 2006 pé kò bófin mu, síbẹ̀ àwọn ọmọ ṣì ń lọ. Àwọn tó wá yanjú rẹ̀ lábúlé ni àwọn tó rí ìṣirò tó wà nídìí rẹ̀: wọ́n gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ kan tàbí ewúrẹ́ kan fún ìdílé kọ̀ọ̀kan tó bá jẹ́ kí ọmọbìnrin padà wálé, wọ́n sì san owó ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Bí ẹlẹ́dẹ̀ náà bá dàgbà, tí wọ́n tà á, owó rẹ̀ tó owó tí wọ́n ń gbà lórí ọmọ lọ́dún. Ẹlẹ́dẹ̀, èyí tí ẹ ń pa fún Maghi, òun ló ra ọmọ padà.

Àwọn ọmọbìnrin tó padà wálé kò jókòó. Wọ́n ń kọrin káàkiri abúlé, wọ́n ń ṣe eré lójú agbo, ní àsìkò Maghi gan-an, kí òbí mìíràn má baà fa ọmọ sílẹ̀. Lọ́dún 2013, ọmọ ọdún 12 kan jóná, ó sì kú sílé tí wọ́n mú un lọ ní Lalitpur. Àwọn tó ti ṣe kamlari rí tú sígboro, ọlọ́pàá lù wọ́n, wọn kò kúrò. Ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba kéde pé kamlari dópin. Shanta Chaudhary, ẹni tí wọ́n mú lọ ṣe kamlari ní ọmọ ọdún mẹ́jọ, tó sì sìn fún ọdún 18, ti kọ́kọ́ wọ ilé ìgbìmọ̀ tó kọ òfin ìpìlẹ̀ Nepal lọ́dún 2008. Irú ìtàn báyìí, ẹ̀yin àgbà, ta ni yóò ní i tí yóò fi pamọ́?

Síbẹ̀, ohun tí mo ń rí báyìí ń bà mí lẹ́rù. Ọ̀pọ̀ àpèjúwe Maghi tí mo kà, èyí tí wọ́n kọ fún arìnrìn-àjò, oúnjẹ, aṣọ àti ijó ni. Ní Sauraha, lẹ́nu igbó Chitwan, ijó ọ̀pá yín wà fún àlejò lálaalẹ́. Kò sóhun tó burú nínú kí ènìyàn fi ijó jẹun, pàápàá níbi tí ìjọba ti sọ igbó di ọgbà ẹranko láti 1973, tí ẹni tó ń gé koríko ilé rẹ̀ níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ní láti máa dúró de ọjọ́ tí wọ́n bá yọ̀ǹda fún un. Àwa náà mọ bí àṣà ṣe ń di aṣọ ọjọ́ àríyá. Mo ti rí i nílé ẹ̀kọ́ wa: ní Ọjọ́ Àṣà, àwọn ọmọ á wọ aṣọ òkè, wọ́n á gbé ẹ̀kọ àti àkàrà dání, ó parí síbẹ̀.

Òfin ìpìlẹ̀ ọdún 2015 ló fìdí àjọ yín múlẹ̀. Lọ́dún 2021, Àjọ Èdè ilẹ̀ yín dábàá pé kí èdè Tharu wà lára èdè iṣẹ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ Lumbini àti Sudurpaschim. Ìyẹn túmọ̀ sí pé ìwé ń bọ̀. Wọ́n á kọ ìwé fún ọmọ iléèwé lédè yín, orí kan á sì wà níbẹ̀ tí wọ́n á pè ní Maghi. Ohun tí mo ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí àwọn kamlari wà nínú orí náà. Kí ó má jẹ́ ìlà kan ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé. Níbi tí wọ́n bá ti kọ nípa khojni-bojhni, kí wọ́n kọ ọ́ pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu ọmọ tí yóò lọ, kí wọ́n sì kọ bí àwọn ọmọ náà ṣe padà wá dá a dúró. Kí ọmọ tó bá ń jẹ dhikri mọ ohun tí ẹlẹ́dẹ̀ ṣe.

Ẹ sì jẹ́ kí àwọn obìnrin náà fúnra wọn sọ ọ́. Ọ̀pọ̀ wọn kò tíì pé 50 ọdún. Ohùn wọn ṣì dán, wọ́n rántí orúkọ, wọ́n rántí ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ àti irú aṣọ tí wọ́n wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ẹ gbà á sílẹ̀ lédè Tharu, kí ẹ tó ronú èdè mìíràn. Nílẹ̀ yín, obìnrin ló ti ń kọ ìtàn sára ògiri ó pẹ́: ní alẹ́ ọdún Astimki, àwọn ló ń ya Kanha, ìyẹn òrìṣà Krishna, àti àwọn Pandava inú ìtàn àtijọ́, ẹja, ọkọ̀ ojú omi, òòrùn àti òṣùpá, sínú ilé. Ẹni tó lè ya òòrùn àti òṣùpá lè sọ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀. Bí àwọn abúlé bá sì jókòó fún Maghi tó ń bọ̀, ẹ bá wa sọ fún àwọn barghar kí wọ́n fún àwọn obìnrin wọ̀nyí ní ẹní iwájú, torí kò sẹ́ni tó mọ iye tí ìpàdé yẹn lè náni bíi tiwọn. Àwọn ìjọba ìbílẹ̀ kan ní Bardiya ti ń fi òfin gbé barghar ró. Inú mi dùn sí i. Kí òfin náà rántí ọmọbìnrin.

Mo ní kí n sọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká mi lára tó bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, ọmọ ọ̀dọ̀ kan wà nílé wa. Ẹgbẹ́ mi ni. Ní oṣù kìíní lọ́dọọdún, bàbá rẹ̀ á wá láti abúlé, á jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá mi á ka owó fún un, á sì di ìrẹsì tó ṣẹ́kù lẹ́yìn ọdún sínú ọ̀rá fún un. Ọmọ náà á dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èmi á padà sí iléèwé lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Òun kì í lọ. Ní alẹ́ tí egungun bá ń ro àbúrò mi, tó ń ké, òun ló máa ń jí. Òun ló mọ ibi tí à ń fi òrí pa, òun ló ń fi aṣọ gbígbóná tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Mo ti sọ ìtàn àbúrò mi fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, mo tún ti sọ ọ́ fún yín lónìí. N kò sọ tirẹ̀ rí.

Lọ́dún tó kọjá mo wá a lọ sí abúlé wọn. Mo bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn àgbà tó jókòó sábẹ́ igi, mo pe orúkọ rẹ̀, mo júwe bàbá rẹ̀. Wọ́n ní àwọn kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ojú ọ̀nà ni mo wà kí n tó rántí pé ìyá mi ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn lọ́jọ́ tó dé ọ̀dọ̀ wa. Èyí tí wọ́n sọ ọ́ nílé wọn, a kò bi í.

Ẹ gba orúkọ àwọn tiyín sílẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkọ́ èdè Yorùbá kan,
Ìbàdàn.